Ìbọn Tí Ìyàwó Mi Ní Kò Burú

Òórùn abẹ́ afárá rélùwéè yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bíríkì tó ti ń mu omi òjò láti ayé àwọn bàbá ńlá òyìnbó, òróró tí a fi ń nu irin, tíì tó ti pẹ́ jù lórí iná, àti ẹ̀tù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ilé wa nínú ẹ́sítéètì North Peckham, kí wọ́n tó wó o. Tí o bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, wàá rò pé àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló ni ín, nítorí ilẹ̀kùn irin lásán ni, kò sí àkọlé kankan. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè, gbogbo ògiri á máa gbọ̀n, àwa tó wà nísàlẹ̀ á sì sọ ọwọ́ kalẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè fojú sun àmì lórí ilẹ̀ tó ń mì. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin ìbọn ìléwọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbọn gidi. Àwọn ọmọ tó wà ní Peckham lónìí ò lè gbà pé ìgbà kan wà tí òfin fàyè gba irú ẹ̀ ní ìlú yìí, pé èèyàn lè so táì mọ́rùn, kó gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó sì gbé ìbọn sínú àpótí kékeré wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Èmi ṣe é.

Iṣẹ́ títo lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà. Ìwọ tí a jọ jókòó ní kíláàsì, tí a jọ ń jiyàn lórí ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ Faransé bí ẹni pé wọ́n máa ránṣẹ́ pè wá kí a wá bá wọn tún ìlú wọn tò, ìwọ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi dé London, mo fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń to lẹ́tà Kennington sí àpò kan, mò ń to ti Lewisham sí òmíràn, títí ọdún fi ń gorí ọdún. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣe ṣífíìtì ló mú mi lọ sí abẹ́ afárá náà. Mo lọ nítorí pé ilé sú mi lọ́jọ́ náà. Àfi bí wọ́n ṣe yin ẹyọ kan, tí òórùn ẹ̀tù gba imú mi wọlé, tí mo sì di ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń ti igbó dé.

Ọdẹ ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n kú, mo ti yunifásítì dé, mo bá ìbọn wọn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mi ò ní kí wọ́n fún mi. Mo kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e wò. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn mọ̀lẹ́bí tó pé jọ, wọ́n ní, "Ìwọ ọ̀mọ̀wé, kí lo fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ṣé o fẹ́ fi kọ lẹ́tà ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹ̀rín kan ṣe lè pẹ́ tó lára èèyàn.

Alága ẹgbẹ́ wa jẹ́ òyìnbó arúgbó kan tó ti ṣe sójà rí, tí àyà rẹ̀ máa ń kùn bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Òun nìkan ló ń pè mí ní "mister" ní gbogbo London. Ní ọjọ́ kan, ó tú aṣọ búlúù kan lórí tábìlì, ó sì fi ìbọn tirẹ̀ hàn mí. Rìfọ́fà ni, irú èyí tí ihò ọta mẹ́fà ń yí po láàárín rẹ̀. Mágínọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é, nítorí ọta rẹ̀ gùn, ẹ̀tù inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Irin ara rẹ̀ nípọn, ó wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ, igi ibi tí a ń dì mú sì ti dán nítorí òógùn ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ìbọn oníwàdùwàdù. Kí ọta kọ̀ọ̀kan tó lè jáde, o ní láti fi àtàǹpàkò fa òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀, wàá sì gbọ́ bí irin ṣe ń mú irin nínú lọ́hùn-ún. Bí o bá fẹ́ ki ọta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, láti ojú ilẹ̀kùn kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ yọ ìkarahun rẹ̀ dànù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni.

Ó ní òun ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin létí òkun, ibẹ̀ ò sì gba ìbọn. "Àwọn kan ti ń béèrè rẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ kó ni ín. Ìwọ kì í kánjú. Fún mi lésì kí oṣù tó parí." Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé wa lọ sí pápá kan ní Kent, nítorí abẹ́ afárá ò gba irú ọta bẹ́ẹ̀, mo sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó gbé apá mi méjèèjì sókè. Mo gbọ́ ọ nínú eyín mi. Ìyàwó mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn lásìkò náà, ó wọ sùtánà funfun, ó ń gbàdúrà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí a jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Mo sọ ọ́ fún wọn.

"Ìbọn? Ẹran wo lo fẹ́ pa láàárín ọjà Rye Lane? Ẹyẹlé?"

"Eré ìdárayá ni, ẹ̀gbọ́n. Bí àwọn kan ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù."

"Èèyàn dúdú tó bá gbé igi gọ́ọ̀fù gba Peckham kọjá, ọlọ́pàá á ní kó dúró. Ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìbọn." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹ̀gbọ́n wá nu ẹnu wọn. "Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀ sí i?"

"Á mọ̀."

"Mi ò ní ṣé á mọ̀. Mo ní ṣé o ti bi í."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni ọkọ ilé."

"Ó dáa, ọkọ ilé. Nawọ́ iyọ̀ yẹn sí mi."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nígbà náà, kí o má baà rò pé òpè ni mí. Ní Mushin, kí a tó mọ ara wa, àwọn adigunjalè wọlé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìyàwó mi wà lábẹ́ tábìlì ní ìdáná. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n yìn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Òun ló fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí ìyàwó olóògbé ò lè dìde. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́ fún mi, ṣáájú ìgbéyàwó wa, bí ẹni tó ń fi àléébù ara rẹ̀ han ọkọ kí ó má baà sọ pé wọ́n tan òun jẹ. Kò tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù kọkànlá, tí àwọn òyìnbó bá ń yin báńgà wọn, á ti gbogbo fèrèsé, á gbé rédíò sókè, á sì máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Màá ní, "Báńgà lásán ni o." Á ní, "Mo mọ̀, Dádì." Ó mọ̀ pé mò ń lọ sí abẹ́ afárá. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Aṣọ tí mo bá wọ̀ lọ nìkan ló máa ń fọ̀ lọ́tọ̀.

Mo rò ó o. Má sọ pé mi ò rò ó. Mo jókòó sí yàrá ìjókòó wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo mú ẹ̀yìn àpòòwé kan, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì pé kí a máa wọn ọ̀ràn wò. Lápá kan mo kọ ọ́ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé yóò pẹ́ jù mí lọ, pé ọwọ́ àgbàlagbà ló ti ń bọ̀, pé ó ń fi ipá kọ́ni ní sùúrù. Lápá kejì mo kọ ọ́ pé ó wúwo, pé ó ń ta apá, pé Kent jìnnà, pé káńsù tó ni ilé lè má fẹ́ kí n lu ihò sí ògiri wọn. Ìyàwó mi ò sí lápá kankan. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀. Mo gbé bírò náà sókè, mo sì mú un dúró. Mo wá sọ fún ara mi pé òfin ní ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wá wo ilé, yóò sì bi í fúnra rẹ̀. Ohun tó bá sọ fún ọlọ́pàá ni màá ṣe. Ó dà bí ọgbọ́n lójú mi lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tó sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ọlọ́pàá kan ń bọ̀ wá wo ilé ní Sátidé. Wọ́n fẹ́ wo ibi tí màá máa fi nǹkan kan sí."

"Nǹkan wo?"

"Ìbọn kan. Ti ẹgbẹ́ wa."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwo. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. "Ṣé òyìnbó ni ọlọ́pàá náà?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Kí n ra bísíkíìtì nígbà yẹn."

Ọ̀rẹ́ mi, ó kàn ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Òyìnbó ni lóòótọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó wo àpótí irin tí mo kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn àwọn àpótí aṣọ wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì mì í, kò mì. Ó bi mí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ àti ọtí, ó sì ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, òun nìkan. Mo dúró sí kọ́rídọ̀. Ilẹ̀kùn ìdáná ò pa dé tán, mo sì ń gbọ́ wọn.

Ó bi í ní òyìnbó pé ilé tirẹ̀ náà ni ilé yìí, báwo ni ọ̀rọ̀ ìbọn yìí ṣe rí lára rẹ̀?

Ìyàwó mi fi òyìnbó dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn tó fi ń bá àwọn arúgbó tó ń tọ́jú níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi. Tó bá ti ní kò burú, kò burú."

"Ṣé kò sí nǹkan kan tó ń dẹ́rù bà ọ́?"

"Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bísíkíìtì kan sí i." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo bá ìyàwó mi nídìí omi, ó ń fọ ife tí àlejò lò. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún da ọṣẹ sí i, ó tún un fọ̀. Mo ní, "Ṣé o rí i? Kò le rárá." Kò yíjú padà. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Dádì." Inú mi dùn. Ọjọ́ Ajé ni mo pe alága pé mo ti pinnu.

Nígbà tí láìsẹ́ǹsì tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo gbé ìbọn náà délé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́. Mi ò fi hàn án, òun náà ò béèrè. Òfin ní èmi nìkan ni kí n máa mú kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, nítorí náà mo fi okùn so ó mọ́rùn. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìyàwó mi máa ń gbé ọwọ́ lé àyà mi, á gbàdúrà fún mi kí n tó jáde; ó ti ń ṣe é láti ọdún tí a dé London. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ kan kọ́kọ́rọ́ náà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó gba àdúrà náà parí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kẹta, mo ti Kent dé, apá ń dùn mí, inú mi sì dùn. Ilé mọ́ tónítóní. Ọbẹ̀ wà nínú fìríìjì, ìyàwó mi bù ú sí ike kọ̀ọ̀kan tó lè tó mi jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Sùtánà rẹ̀ ò sí lára ìkọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mọ́. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti lọ sí yunifásítì ní ìlú míì, nítorí náà kò sí ẹni tí mo lè bi. Mo jẹ ọbẹ̀ ọjọ́ kìíní kí n tó fún ara mi láyè láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Lewisham ló lọ. Mo bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ wa," wọ́n gbé omi kalẹ̀, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ó kù èmi àti òun.

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Ó ti omi náà sún mọ́ mi.

"Mo ṣebí o sọ fún ọlọ́pàá pé kò burú."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Dádì, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n dúró níwájú òyìnbó tó mú bírò lọ́wọ́, kí n máa ka ẹjọ́ ọkọ mi? Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, ṣé ó máa ń parẹ́ ni? Ṣé kí n dójú tì yín nínú ilé yín?"

"Nígbà tó lọ tán ńkọ́? O lè sọ ọ́ fún mi."

"Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ni?"

Mo wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní àmì òdòdó pupa. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò bá yín jà. Ẹ tà á, kí ẹ wá mú mi. Ọjọ́ tí ẹ bá tà á náà ni màá di ẹrù mi."

Mo ní, "Jẹ́ kí n rò ó."

Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé mi, nínú ìbínú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa ń padà dún létí mi tó ìyẹn. Mo padà sílé, mo rò ó. Mo ní bí mo bá tà á báyìí, yóò dà bí ẹni pé obìnrin ló ń darí mi. Mo ní ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Mo ní oṣù kan sí i. Mò ń gbé iṣu àti búrẹ́dì lọ sí Lewisham lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ó ń bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé omi kalẹ̀. A ò dárúkọ ìbọn mọ́. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti ń sùn.

Nígbà tó yá, òfin yí padà. Ìjọba ní kí gbogbo ẹni tó bá ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kó o wá fún ọlọ́pàá, kò sí àwíjàre. Mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó gbé báàgì dání, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gba tèmi, ó wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ó so páálí kékeré mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ òkú, ó sì fún mi ní ìwé pé ó ti gbà á. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀, ó di Lewisham. Àṣé èèyàn lè máa yọ̀ nínú àdánù. Mo ń yọ̀. Mo ń ro ibi tí màá gbé àpótí aṣọ rẹ̀ sí.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ṣé gbogbo yín ni wọ́n ní kí ẹ kó o wá?"

"Gbogbo wa. Ó ti lọ, Mọ́mì. Kò sí nílé mọ́. Ṣebí ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Bí ìjọba ò bá gbà á, Dádì, ṣé ẹ̀ bá jókòó síbí lónìí?"

Mo dákẹ́. Ó ṣẹ́ ìwé náà po sí mẹ́rin, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, bí a ṣe ń fún àgbà ní nǹkan. Ó ní, "Ẹ jẹun kí ẹ tó máa lọ."

Kò padà wá. A ò kọ ara wa. Tí àwọn ọmọ bá ń ṣe nǹkan, a máa ń jókòó pọ̀, á sì bu oúnjẹ fún mi kó tó bu ti ara rẹ̀. Wọ́n ti wó ẹ́sítéètì wa báyìí, wọ́n sì fún mi ní yàrá kan ní òpópónà míì, níbi tí mo ti ń kọ èyí sí ọ. Bí o bá bi mí ohun tí mo rí kọ́, màá sọ fún ọ pé ó pẹ́ kí n tó rí i. Obìnrin yẹn parọ́ nítorí mi níwájú òfin. Ó mú ẹ̀rù rẹ̀, ó fi ẹ̀rín bò ó, kí orúkọ mi má baà bàjẹ́ nínú ìwé àjèjì. Lọ́jọ́ tí òun náà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, "bẹ́ẹ̀ ni" kan péré ì bá mú un padà wálé, ì báà jẹ́ irọ́. Mi ò lè sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún mo máa ń fi ìdákẹ́ náà yin ara mi, pé ó kéré tán, mo sọ òtítọ́ fún un. Mi ò yin ara mi mọ́. Ìdáhùn tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, òun ti rí i lójú mi kí n tó jókòó: bí wọn ò bá fi agbára gbà á, ìbọn yẹn ì bá wà nínú àpótí rẹ̀ títí di òní, èmi ì bá sì ṣì máa rò ó.